Heathrow sí King's Cross: ọ̀nà mẹ́ta tí mo ti tọ̀, àti èyí tí mo ń yàn báyìí

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín 2023 sí 2025. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, King's Cross ni mo ń lọ láti ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin Leeds ti ń gbéra, Leeds sì ni ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ìgbà àkọ́kọ́, ìkókó ni mo lọ wẹ̀. Ìgbà méjì yòókù, àwọn ọmọ náà ló ní kí n wá sinmi. Mo ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, orúnkún mi ọ̀tún kò gba àtẹ̀gùn mọ́, n kì í sì í lọ kí ọmọ lọ́wọ́ òfo. Báàgì ńlá méjì ni, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan: gaàrí Ìjẹ̀bú, èlùbọ́, ata gígún, aṣọ àǹkárá tí mo rán fún ọmọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń ka ohun tí mo kọ, torí ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó gbé báàgì ẹ̀yìn kan ṣoṣo.

Àwọn tó máa ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀nà yìí, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà. Wọ́n á ní èyí yá ju tọ̀hún lọ. Èmi ní kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ó fi ọwọ́ ara yín gbé ẹrù, láti ẹnu ọ̀nà Heathrow títí dé iwájú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀. Ìyẹn ló fìyà jẹ mí nígbà kan, ìyẹn náà ló sì mú kí ara tù mí nígbà mìíràn.

Ní 2023, Piccadilly ni mo wọ̀, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi búlúù tó dúdú díẹ̀ ya ọ̀nà rẹ̀ lórí àwòrán. Terminal 3 ni mo balẹ̀ sí. Bí ẹ bá ti gba ẹrù tán, ẹ tẹ̀ lé àmì róbótó pupa tí wọ́n kọ Underground sí láàárín. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan wà tí ẹ ó rìn, ó gùn díẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Terminal 2 àti Terminal 3 ló jọ ń lo ibùdókọ̀ yẹn, líìfìtì sì wà níbẹ̀ tó ń gbéni sọ̀ kalẹ̀ dé orí pèpéle. Mi ò tẹ àtẹ̀gùn kankan.

Ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Káàdì náírà tí mo mú lọ́wọ́ kò ṣiṣẹ́ lókè òkun nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ yín á rántí àsìkò náà. Mo bá ra káàdì Oyster, èyí tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, lára ẹ̀rọ, mo sì fi owó sí i. Ẹni tí káàdì báńkì rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lókè òkun kò nílò Oyster rárá. Yóò fi káàdì náà kan ojú ẹ̀rọ aláwọ̀ ìyeyè nígbà tó bá ń wọlé, yóò sì tún fi kàn án nígbà tó bá ń jáde, owó á yọ fúnra rẹ̀. Káàdì kan, èèyàn kan ni o. Tọkọtaya ò lè jọ lo ẹyọ kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ bí àgbàlagbà tó ti sanwó bá mú un dání. Ní 2025, owó Piccadilly láti Heathrow dé àárín Lọ́ńdọ̀nù kò tó pọ́n-ùn 6.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Piccadilly ni pé Heathrow gan-an ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Àyè pọ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo jókòó sí ìpẹ̀kun ìjókòó, níbi tí igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, mo fi báàgì kan há ẹsẹ̀, mo fi ọwọ́ di èkejì mú, mi ò sì dìde mọ́ títí mo fi dé King's Cross. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Lẹ́yìn Hatton Cross ni ọkọ̀ náà yọ sórí ilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìnkùlé àwọn ará Hounslow, ilé bíríkì pupa tó jọra wọn, ọgbà kékeré kékeré, aṣọ lórí okùn. Ní Barons Court, ó tún wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ. Láti Earl's Court ni èrò ti ń rọ́ wọlé. South Kensington, Green Park, Piccadilly Circus, Holborn, Russell Square, lẹ́yìn náà King's Cross. Ohùn kan ń kéde orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa ṣìnà.

Ìgbà tí mo gbé ẹrù: ẹ̀ẹ̀kan tí mo wọlé, ẹ̀ẹ̀kan tí mo jáde. Ó tán.

Mi ò ní fi àléébù rẹ̀ pa mọ́ fún yín. Láti nǹkan bí ìdajì àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọkọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n há, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú wọn, ooru inú wọn lóṣù Keje kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú òru láti Lagos, àárọ̀ kùtù ló máa balẹ̀, tó bá sì fi máa gba ẹrù tán, àsìkò tí gbogbo ìlú ń lọ síbi iṣẹ́ ti tó. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, báàgì méjì nínú Piccadilly á ni ẹ̀yin lára, á sì ni àwọn tó dúró tì yín lára. Ẹ ra tíì, ẹ jókòó sí Heathrow, ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀.

Ní 2024, ọkọ ọmọ mi ló fi owó rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì Heathrow Express fún mi, kí n má baà jìyà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Ọkọ̀ náà mọ́, ó tutù, ibi ìkẹ́rùsí gidi wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 15 péré ló sì fi gbé mi dé Paddington láìdúró níbì kankan. Pọ́n-ùn 25 ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Paddington kì í ṣe King's Cross. Mo ní láti fa báàgì méjèèjì la ibùdókọ̀ náà kọjá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Hammersmith & City, kí n dúró dè é, kí n wọ inú èrò, kí n kọjá Edgware Road, Baker Street, Great Portland Street àti Euston Square kó tó di pé mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé ẹrù, ìṣẹ́jú tí mo jèrè sì ti bá ìrìn yẹn lọ. Bí Bristol, Cardiff tàbí Oxford bá ni ẹ ń lọ, Paddington náà ni ọkọ̀ yín ti ń gbéra, mo sì lè sọ pé kí ẹ wọ̀ ọ́ bí owó bá wà. Ẹni tó ń lọ sí King's Cross, kí ó tọ́jú owó rẹ̀.

Ní 2025 ni mo wá gbìyànjú Elizabeth line, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ àlùkò. Oṣù Karùn-ún 2022 ni wọ́n ṣí i láàárín ìlú, Ọbabìnrin Elizabeth tí wọ́n fi sọrí sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wò ó ní Paddington kó tó di pé ó wàjà lóṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ọkọ̀ gígùn ni, ó fẹ̀, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Ní àárín ìlú, pèpéle àti ilẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, báàgì kàn ń yí jáde ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Farringdon, mo fi líìfìtì dé ibi ọkọ̀ ojú irin mìíràn tí wọ́n ń pè ní Thameslink, mo wọ èyí tó ń lọ sí ìhà àríwá, ibùdókọ̀ kan ṣoṣo, mo dé St Pancras. King's Cross wà ní òdìkejì títì níbẹ̀. Àárín Thameslink àti pèpéle nìkan ni mo ti gbé ẹrù gan-an. Ó yá ju Piccadilly lọ, àmọ́ owó rẹ̀ ju pọ́n-ùn 13 lọ, ìyẹn ju ìlọ́po méjì.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ní ibùdókọ̀ Terminal 2 àti 3 ní Heathrow, pèpéle kan náà ni Elizabeth line àti Heathrow Express jọ ń lò. Ẹ wo pátákó kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ṣèèṣì wọ Express, owó Express ni yóò san.

Èmi náà ṣe àṣìṣe kan ní ìrìn àjò yẹn. Oyster mi àtijọ́ ni mo fi wọlé ní Heathrow. Nígbà tí mo fẹ́ jáde ní St Pancras, káàdì dọ́là ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo fi kan ẹ̀rọ, ẹnu ọ̀nà sì ṣí. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn méjì ló rìn: ọ̀kan wọlé kò jáde, ọ̀kan jáde láìwọlé. Wọ́n yọ owó lórí méjèèjì, ó sì ju iye tó yẹ kí n san lọ. Káàdì tí ẹ bá fi wọlé ni kí ẹ fi jáde. Bí ẹ bá ń fi fóònù san án, fóònù yẹn náà ni kí ẹ lò dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí n tún padà sí 2023, torí ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ kò kan ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ rárá. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Leeds sílẹ̀, èyí tó rọjú tó sì so mọ́ ọkọ̀ aago méjì nìkan. Ẹrù mi pẹ́ kó tó jáde, mo dé King's Cross lẹ́yìn tí ọkọ̀ yẹn ti lọ. Irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti lọ, ó ti kú nìyẹn. Mo dúró sáàárín gbọ̀ngàn ńlá náà, mo ń pe ọmọ mi lórí fóònù, ohùn mi sì ti ń gbọ̀n. Ọ̀dọ́kùnrin òṣìṣẹ́ kan tó ń kọjá lọ dúró, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn mà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ń lọ?" Mo ní Leeds ni, ọmọ mi. Ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fa èyí." Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó dúró tì mí títí mo fi ra òmíràn, ó sì fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a kì í sanwó fún hàn mí. Mi ò bi í léèrè orúkọ, mo ṣàdúrà fún un ni.

Láti ọjọ́ náà, wákàtí mẹ́rin ni mo ń fi sílẹ̀ láàárín àkókò ìbalẹ̀ àti ti ọkọ̀ Leeds, tàbí kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò so mọ́ ọkọ̀ kan pàtó.

Èyí tí mo ń yàn báyìí? Bí èmi nìkan bá ni, tí báàgì jẹ́ méjì, tí kì í sì í ṣe àsìkò tí èrò pọ̀, Piccadilly ni, láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Bí báàgì bá jẹ́ ẹyọ kan, tàbí tí ẹnìkan bá wá pàdé mi, Elizabeth line dé Farringdon. Bí ẹ bá dé King's Cross, ẹ má ṣe sáré. Ojú pátákó ńlá ni gbogbo èèyàn ń wò, ó sì máa ń kù díẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà pèpéle síbẹ̀. Ẹ súnmọ́ ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó kọ ọ́. Ibi ìkẹ́rùsí wà ní ìpẹ̀kun yàrá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí i lò.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, Leeds gbà mí ní wákàtí méjì àti díẹ̀. Oorun gbé mi lọ. Wakefield ni mo jí sí, mo pe ọmọ mi pé kó máa bọ̀ ní ibùdókọ̀, kó gbé ìkókó dání.