Ẹ ṣọ́ra fún kábọ̀n alternator tí wọ́n fi fáìlì gé ní Ìlọrin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò àtijọ́, àrékérekè kan wà lọ́dọ̀ àwọn rẹ́wáyà (atúnná-mọ́tò-ṣe) kan níbí. Bí iná pupa bátìrì bá ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí mítà kò sì ju fóòtì 12 lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ (13.8 sí 14.5 ló yẹ), wọ́n á ní alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, ti jóná. Wọ́n á gba tiyín, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fowó lé e, wọ́n á gbé tòkunbọ̀ fún yín. Bẹ́ẹ̀ kábọ̀n méjì péré, ègé kéékèèké tó ń gbé iná sórí òrùka bàbà tó ń yí nínú alternator, ló lè tán nínú tiyín! Wọ́n á fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, wọ́n á fín ọ̀dà sí i, ó di ọjà ẹlòmíì.

Ẹ kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì bóyá ó dẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ fi igi rọra gbá ẹ̀yìn alternator bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ jìnnà sí bẹ́líìtì o. Bí iná pupa bá kú, kábọ̀n ló ti kúrú, kò fi bẹ́ẹ̀ kan òrùka bàbà mọ́.

Èyí tó burú jù ni kábọ̀n àgékù. Ti kick starter (ẹ̀rọ tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí) ni wọ́n máa ń fi fáìlì gé kó lè wọ alternator. Bàbà pọ̀ nínú rẹ̀, torí iná ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Lórí òrùka tó ń yí láti Ìlọrin dé Ọ̀fà láìdúró, ńṣe ló máa jẹ òrùka náà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ojúlówó máa ń dán, àgékù á ní ilà fáìlì lára. Ẹ tì í sínú ilé rẹ̀ kẹ́ ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí kò bá ta padà, ó há nìyẹn. Ṣọ́dà (òjé yíyọ́ tí wọ́n fi ń lẹ wáyà) tó bá gun wáyà rẹ̀ jù náà máa ń sọ wáyà di gígan, á sì dá kábọ̀n dúró.

Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, kábọ̀n tuntun máa ń yọ síta tó mìlímítà 10.5, tó bá ku 1.5, ó tán.

Kí wọ́n tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kí wọ́n tó fọwọ́ kan alternator, kí wọ́n sì tú u lójú yín. Ẹ fi èékánná yẹ òrùka wò: bó bá dúdú lásán, sáńdípépà kíkúnná tó o. Bí èékánná bá há sínú kòtò rẹ̀, kábọ̀n tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bí wọ́n bá ṣe tán, ẹ tan iná iwájú àti fáànù, kẹ́ ẹ wọn fóòtì kẹ́ ẹ tó sanwó.