Lékelèke létí odò Thames: bí mo ṣe rí Rainham Marshes

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti lọ, mo sì tún ń lọ. Purfleet, nítòsí London, ni ọgbà ààbò ẹyẹ yìí wà, níbi tí odò Thames ti ń fẹ̀ lọ pàdé òkun. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn débẹ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin. Ilẹ̀ tí àwọn ṣọ́jà ti ń kọ́ ìbọn yíyìn ni tẹ́lẹ̀, kí RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní ilẹ̀ Britain, tó rà á ní 2000, tí wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú ní 2006. Ọ̀kan nínú àwọn ahéré tí a ń jókòó sí láti ṣọ́ ẹyẹ ṣì ń jẹ́ Shooting Butts, ìyẹn ibi ìyìnbọn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú ara mi ni mo já. Mi ò bèèrè ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Omi ti fà tán nígbà tí mo dé, àwọn ẹyẹ ti tò sórí ẹrẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán bí irú woro. Ìgbà tí omi bá kún ni kí ẹ lọ. Ó máa ń lé wọn kúrò lórí ẹrẹ̀, wọ́n á wá sinmi nínú ọgbà, nítòsí yín.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí lékelèke! Díẹ̀ ló kù kí n na èékánná sí i bí a ti ń ṣe n'Íbàdàn nígbà èwe. Àfìgbà tí mo délé, tí mo fẹ fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà: ẹnu rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ dúdú, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló pọ́n bí ìyeyè, bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Tiwa tó ń tẹ̀lé màlúù, ẹnu rẹ̀ ló pọ́n. Little egret ni wọ́n ń pe èyí. 1996 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ pamọ ní ilẹ̀ Britain. Èmi dé ní 2009, ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ariwo ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kò dí ẹyẹ lọ́wọ́, èmi ló ń dí. Atẹ́gùn ibẹ̀ náà kì í ṣeré, ẹ mú fúláàsì tíì dání. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, àwòdì kan fò kọjá, ni àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní lapwing bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ti ń yí lójú òfuurufú ni wọ́n ń di dúdú, tí wọ́n ń di funfun. Mo ti yí ìyára kámẹ́rà sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá, kí fọ́tò ohun tó ń fò má baà rú, ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn.

Kí n má parọ́ o, fọ́tò tó mọ́ jù lọ́wọ́ mi, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti yà á. Robin, ẹyẹ kékeré aláyà pupa, ló bà lé ọwọ́ ọkọ́ mi bí mo ti ń walẹ̀. Ekòló ló ń ṣọ́. Kò ná mi lówó ọkọ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, omi á kún ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ti kọ ọ́ mọ́ ara fíríìjì.