Òṣùwọ̀n onísípíríǹgì, stopwatch, ticker-timer àbí fóònù: èwo ni ká rà fún ọmọ tó ń kọ́ físíìsì?

Ọmọ tó bá wọ SS1 kò ní pẹ́ dé orí ọ̀rọ̀ ipá àti ìrìn nǹkan. Ipá ni títì tàbí fífà: òun ló ń mú ohun tó dúró gbéra, òun náà ló ń yí eré ohun tó ń lọ padà. Ọmọ lè há èyí sórí láìjẹ́ pé ó yé e. Tí ohun èlò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, á fojú ara rẹ̀ rí i. Òbí àti olùkọ́ tí owó ọwọ́ wọn mọ níwọ̀n ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ń wọn ipá

Oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé: òṣùwọ̀n onísípíríǹgì ti ilé ẹ̀kọ́, àti èyí tó ń lo bátìrì tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń wọn báàgì. Ti bátìrì dùn ún wò, nọ́ńbà rẹ̀ sì hàn kedere. Àmọ́ kílò ló sábà máa ń kọ, kì í kọ newton tí a fi ń ka ipá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń dúró kí ẹrù kọ́kọ́ rọlẹ̀ kí wọ́n tó fi iye kan hàn. Bẹ́ẹ̀ ibi tí iye ti ń yí padà gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì kọ́ pákó kan lórí tábìlì, kí ọmọ máa fà á díẹ̀díẹ̀. Iye á máa gòkè, pákó ò ní mira. Bó bá ti gbéra báyìí, iye á wálẹ̀. Ipá tí a fi ń mú un gbéra ju èyí tí a fi ń mú un máa lọ. Sípíríǹgì ni tèmi.

Ẹ sì ra méjì. Kí ọmọ méjì fi ìkọ́ tiwọn kọ́ ara wọn, kí ọ̀kan fà, kí èkejì kàn di tirẹ̀ mú: iye kan náà ni méjèèjì á kà. Òfin kẹta Newton nìyẹn: bí ohun kan bá fa òmíràn, òmíràn náà á fi ipá kan náà fà á padà.

Èyí tó ń ka 10 newton dára fún ohun tí kò ju kílò kan lọ. Ẹ má ra ti 50 newton fún pákó kékeré, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ kà lójú rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní newton àti gíráàmù pa pọ̀, kí ọmọ lè rí i pé 100 gíráàmù jẹ́ nǹkan bíi newton kan. Ẹ fà á, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá padà sí òdo, ẹnì kan ti fà á kọjá ààlà rẹ̀.

Ohun tí ń wọn ìrìn

Stopwatch kì í wọ́n. Ẹni tó ń tà á á fi 0.01 ìṣẹ́jú-àáyá yangàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn fúnra rẹ̀ ń pẹ́ tó nǹkan bí 0.2 kó tó tẹ bọ́tìnì. Òkúta tó já láti gíga mítà kan ń kanlẹ̀ láàárín 0.45 péré, nítorí náà ẹ má fi stopwatch wọn ìyẹn. Òkúta tí a so mọ́ okùn gígùn mítà kan, tó ń fì lọ fì bọ̀, ńkọ́? Ogún ìfì rẹ̀ (àlọ àti àbọ̀ ni ìfì kan) ń gba nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú-àáyá, àṣìṣe ọwọ́ ò sì tó nǹkan kan níbẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni WAEC ń gbé wá nínú práktíkà, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ mú fóònù wọlé.

Ticker-timer ló ń wù mí jù láti wò. Ó ń fi àmì sára tẹ́ẹ̀pù oníbébà tí a so mọ́ kẹ̀kẹ́ kékeré, 50 àmì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí 50 hertz ni iná wa, ìyẹn ni pé ìgbà 50 ló ń yípo ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ni àlàfo àárín àmì ń fẹ̀, ọmọ á sì gé e sí wẹ́wẹ́, á lẹ̀ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gíráàfù ti dé. Àmọ́ ó ń béèrè ohun púpọ̀: àpótí tí ń sọ iná di kékeré, tẹ́ẹ̀pù, bébà kábọ̀nù, kẹ̀kẹ́, pákó gígùn. Iná gan-an sì ńkọ́! Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí eré ẹ́ńjìnì rẹ̀ ò dúró sójú kan á da àlàfo àmì rú. Ilé ẹ̀kọ́ ló lè gbé e, kì í ṣe ti ilé.

Fóònù ti wà nílẹ̀. Áàpù tó ń jẹ́ phyphox, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní aago kan tí ariwo ń mú bẹ̀rẹ̀, tí ariwo mìíràn ń dá dúró; ó lè ka 0.45 tí ọwọ́ ò lè kà. Ohun kan wà tó máa ń dá ọmọ láàmú: tí ẹ bá ṣí ibi tí áàpù yìí ti ń wọn bí eré ṣe ń yí padà (acceleration), fóònù tó dúró jẹ́ẹ́ lórí tábìlì á kọ nǹkan bí 9.8 m/s². Kò bàjẹ́ o. Títì tí tábìlì ń tì í sókè ló ń kà. Nínú áàpù náà, ẹ yan ìwọ̀n acceleration tó yọ òòfà ilẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá fóònù yín ń ṣe é, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú kan kì í ṣe é.

Tí ẹ bá rí àpótí tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sí pa pọ̀, ẹ ṣí i níwájú ẹni tó ń tà á. Òṣùwọ̀n inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ jáde: tí kò bá ní newton, tó sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.