Ẹ̀dà Prosas profanas tí ó ní ohùn nínú

Ẹ̀dà ìwé ewì Prosas profanas tí mo rà yìí kò ju ohun tí àpò aṣọ lè gbà lọ, lẹ́tà rẹ̀ hàn ketekete, wọ́n sì fi ohùn ẹni tí ó ń ka àwọn ewì náà ní èdè Sípéènì kún un. Rubén Darío, ọmọ Nicaragua, ni ó kọ ọ́. Buenos Aires ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1896, ọdún kan náà tí Verlaine, akéwì Faransé tí Darío ti fojú rí ní Paris, kú. Ewì tí ó fi dárò rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kò fi òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì kan sílẹ̀, mo sì dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan cisne, ẹyẹ odò funfun ọlọ́rùn gígùn nì, wọ́n ní ẹwà ni ó dúró fún, wọ́n sì kọjá lọ. Inú mi kò dùn sí i. Àrokò ni ẹyẹ yìí lọ́wọ́ Darío, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ lọ́wọ́ Baudelaire àti Mallarmé, àwọn akéwì Faransé, ṣáájú rẹ̀, àrokò kì í sì í ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí yóò fi di 1905, nínú ìwé mìíràn, ọrùn ẹyẹ náà tí ó tẹ̀ kọrọdọ ti di àmì ìbéèrè, Darío sì ń bi í bóyá èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn òun tí ń sọ Sípéènì yóò máa sọ lọ́jọ́ iwájú.

Ohùn náà ni ó mú kí owó mi má dùn mí. Juan Valera, òǹkọ̀wé ọmọ Sípéènì, ti sọ ní 1888, nígbà tí ó ka ìwé Darío tí ó ṣáájú èyí, pé ojúlówó Sípéènì ni èdè rẹ̀ ṣùgbọ́n ìrònú Faransé ni ó wà nínú rẹ̀. Etí ni mo fi mọ ohun tí ó ń sọ. Nínú "Sonatina", ọ̀kan nínú àwọn ewì inú ìwé yìí, sílébù 14 ni ìlà kọ̀ọ̀kan ní, ó pín sí méjì ọgbọọgba, ìtẹnumọ́ sì ń bọ́ sórí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹfà nínú ìdajì kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ fi ń mì lẹ̀ǹgẹ́lẹ̀ǹgẹ́ bí ìgbà tí omi bá gbé ọkọ̀. Òǹkàwé náà kò sáré, ó ń sinmi níbi tí ìlà ti pín. Kí ẹni tí ó bá rà á kọ́kọ́ gbọ́ ewì yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ṣí àlàyé kankan.