Róòsì ni wọ́n kó sí ìbòjú àbúrò mi!

Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ gba ìbòjú ìyàwó, Sátidé ni ìgbéyàwó. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, àfi bí mo ṣe rí i pé róòsì pupa ló wà létí rẹ̀ yíká. Ara mi gbóná.

Oṣù méjì ṣáájú ni mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí màdáámú tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti kóṣẹ́ sí i: Costus spectabilis, òdòdó yẹ́lò tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin méjèèjì nínú àmì orílẹ̀-èdè wa. Ó wà lára òdòdó orílẹ̀-èdè Commonwealth 53 tí wọ́n kó sí ìbòjú Meghan, ìyàwó Ọmọọba Harry ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2018. Àwọn ìyàwó ilé ọba yẹn kì í kó òdòdó sáṣọ lásán. Léèsì gáùn Kate ní 2011 ní róòsì ti England, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ti Scotland, dáfódìlì ti Wales àti ewé shamrock ti Ireland. Irin pátákò ẹṣin kékeré onígóòlù ni wọ́n rán mọ́ inú gáùn Diana ní 1981, fún oríire. Èyí tí ojú ò rí yẹn ló wù mí jù.

Màdáámú ní, "Àǹtí, róòsì ni ìfẹ́. Ta ló máa mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo ní èmi máa mọ̀. Mo yọ páásípọ́ọ̀tù tí mo mú lọ sí báńkì, mo nàka sí àmì iwájú rẹ̀. Ó wò ó títí. "Góòlù ni gbogbo rẹ̀. Yẹ́lò dà níbẹ̀?"

Ẹ̀rín fẹ́ gbé mi, mo lejú mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni mo rí òróró àkàrà lára ìbòjú. Àwọn tó kóṣẹ́ ti Meghan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n ń fọwọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, kẹ́ẹ̀gì omi gan-an ṣófo.

Ọmọ iṣẹ́ kan tí kò tíì lanu látìgbà tí mo dé ló gba fóònù mi, ó fẹ fọ́tò náà. "Mà, ṣé ewé mẹ́rin yìí náà máa sùn sílẹ̀ báyìí?" Ọmọ yìí ti rí i! Ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú róòsì.

Ó ṣe é mọ́jú. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, òdòdó yẹ́lò wà létí ìbòjú, ó fẹ́lẹ́ bí ẹni pé ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ̀ sí i, ewé mẹ́rin tẹ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ewé kan ló fi òróró yẹn pamọ́ sí. Àbúrò mi sunkún.

Màdáámú ò bẹ̀ mí o. Ó tún gba ₦4,000 owó òwú tuntun.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. N kò ní padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gba nọ́ńbà ọmọ iṣẹ́ yẹn.