Ẹ̀yìn dídùn, ẹsẹ̀ kíkú: àgbéyẹ̀wò mi lórí ilé fisiotẹ́rápì kan ní Òṣogbo

Ẹni tí kò bá lè rìn láti Ọláìyá dé Ọjà Igbọ́nà kí ìdí àti itan rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, ṣùgbọ́n tí ara ń tù ú gbàrà tó bá jókòó tàbí tó tẹ̀ síwájú, kó má tíì pè é ní làkúrègbé. Bó ṣe ń ṣe èmi náà nìyẹn. Dókítà egungun ní ihò tí iṣan ìmọ̀lára (nerve) ń gbà kọjá nínú egungun ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ níbi ìbàdí, ló ti há. Ọjọ́ orí ló sábà máa ń fà á: ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun á yọ síta, oríkèé á wú, awọ tó so wọ́n pọ̀ á nípọn, wọ́n á wá fún iṣan mọ́nú. Téèyàn bá nàró, ó tún ń há sí i. Téèyàn bá tẹ̀, ó ń ṣí díẹ̀. Abájọ tí gígun òkè fi rọ̀ mí lọ́rùn ju sísọ̀ kalẹ̀ lọ!

Dókítà tún fọwọ́ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ó ní tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni kò ráyè kọjá, ìdúró lásán ti tó kí ìrora rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n ya MRI, àwòrán inú ara tó ń fi iṣan náà hàn, nítorí egungun nìkan ni X-ray ń fi hàn dáadáa. Owó rẹ̀ wúwo o.

Ní ilé fisiotẹ́rápì, níbi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú mi, “Mọ́mì” ló ń pè mí, gbé mi gun kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan. Ẹnu yà mí: èmi tí n kò lè rìn jìnnà wa kẹ̀kẹ́ láìjẹ̀rora, nítorí pé títẹ̀ ni mo tẹ̀. Ó kọ́ mi láti dùbúlẹ̀ gbalaja kí n fa orúnkún méjèèjì mọ́ àyà, kí n sì máa sún ikùn kì. Ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn dùn mọ́ni, àmọ́ adùn rẹ̀ kì í bá mi délé, bí NEPA bá sì mú iná lọ, ó tán nìyẹn. Bẹ́líìtì ẹ̀yìn, ìgbà tí mo bá fẹ́ dúró ta aṣọ nìkan ni wọ́n ní kí n dè é, kí iṣan ẹran ara má baà ya ọ̀lẹ.

Ohun tó bí mi nínú: òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà, kò sì sí ibi ìdìmú. Ilé ìtọ́jú ẹlẹ́yìn dídùn!

Mo ti ń ná ọjà tán báyìí kí n tó wá ìjókòó. Ihò náà kò fẹ̀ sí i o. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ sí i lè nílò iṣẹ́ abẹ. Bí ìtọ̀ bá há, tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, tàbí tí ojú ara bá kú, ẹ má lọ sí ilé fisiotẹ́rápì, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ tètè dé láàárọ̀, èrò máa ń pọ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wọ ṣòkòtò. Kẹ̀kẹ́ yẹn kò gba ìró.