Alága ìjókòó tí a gbà fún ìdána ní Òṣogbo: iṣẹ́ rẹ̀ dára, àyàfi ẹ̀jẹ́ tí ó ní kí ìyàwó jẹ́

Nígbà tí ìdána àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ lọ́nà, èmi ni ẹbí fi iṣẹ́ wíwá alága ìjókòó lé lọ́wọ́. Obìnrin tí a gbà, tí ó ń ta ẹrù ìdána ní àdúgbò Ọjà Ọba, kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nídìí iṣẹ́ náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Kí n kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ti dé kí ẹbí ọkọ tó wọlé, ó fúnra rẹ̀ to obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ sórí tábìlì, ó sì ka iṣu kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó mọ oríkì dáadáa. Nígbà tí ó kì wá ní ọmọ Òròkí, àwọn àgbà tí kì í tètè dìde bọ́ sí agbo. Ní ti owó, owó ìyá gbọ́, owó bàbá gbọ́ àti owó àwọn ìyàwó ilé ni ó béèrè, kò sì dá ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn alága kan ti máa ń ṣe.

Ìgbà tí a parí ọ̀rọ̀ owó orí ni nǹkan yí padà. Bàbá wa gba owó náà, wọ́n sì dá a padà fún ẹbí ọkọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, pé a kò ta ọmọ, a fi í fún wọn kí wọ́n fi ṣe ọmọ ni. Kò pẹ́ sí i tí alága fi ní kí ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, kí ó dé e ní fìlà, kí ó sì máa wí tẹ̀lé òun. Ó gbé makirofóònù sí i lẹ́nu: “Ohun tí olówó orí mi bá sọ ni abẹ gé. N kò ní jiyàn, n kò ní fèsì.” (Olówó orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá owó rẹ̀ padà fún!) Àbúrò mi gbójú sókè wo ìyá wa, ó wí ti àkọ́kọ́ jẹ́jẹ́, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ó ní, “Màmá, a ó jọ máa gbìmọ̀ ni.” Gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Alága fi orin bò ó mọ́lẹ̀, kò sì bi ọkọ ìyàwó ní ohunkóhun.

Ẹ̀jẹ́ yìí kò sí nínú ìdána bí a ṣe bá a. Ẹbí méjì ni ó ń bá ara wọn ṣe àdéhùn níbẹ̀: wọ́n á ka lẹ́tà, ọkọ á dọ̀bálẹ̀, àwọn òbí á fi oyin àti iyọ̀ ṣàdúrà. Àwọn òbí rẹ̀ ni ìyàwó ń dárò nínú ẹkún ìyàwó tí mo gbọ́ rí, kò jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọkọ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀jẹ́ ìgbọràn ti wá. Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti ọdún 1662 ni ó ní kí ìyàwó ṣèlérí láti gbọ́ràn, láìní kí ọkọ ṣe bẹ́ẹ̀; ní England níbi tí ó ti wá gan-an, Diana kò sọ ọ́ nígbà tí ó fẹ́ Charles ní 1981. Ní kóòtù, lábẹ́ òfin ìgbéyàwó wa ti 1914, ọ̀rọ̀ kan náà ni tọkọtaya ń sọ fún ara wọn. Bí ó bá jẹ́ yìgì ni a so, ọ̀rọ̀ wà láàárín walíì, ẹni tí ó ń ṣojú ìyàwó, àti ọkọ, sàdáákì sì di ti ìyàwó.

Àǹtí wa kan sọ fún mi pé bí obìnrin kò bá tẹrí ba, ilé kì í tòrò. N kò bá wọn jiyàn lórí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n Éfésù orí 5 tí wọ́n ń tọ́ka sí kọ́kọ́ ní kí àwọn onígbàgbọ́ tẹrí ba fún ara wọn, ohun tí ó sì sọ fún ọkọ gùn ju ti aya lọ. Ẹni tí yóò jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu pásítọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó, ó sì ráyè sọ pé òun kò fẹ́. Ṣé ẹni tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀, tí àna rẹ̀ ń wò ó, tí fídíò ń ká a, ni yóò kọ̀? Bí ọkọ bá sì ní kí ó pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì ńkọ́, ṣé abẹ ti gé e náà nìyẹn?

Mo pe alága sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ètò. Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ẹbí ọkọ ló máa ń fẹ́ràn ẹ̀. Ká ní ẹ ti sọ fún mi ni, ǹ bá ti yọ ọ́.” Ó yẹ kí òun ni ó bi wá, nítorí ìyàwó ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń wá alága tí kì í fi àkókò ṣòfò lè gbà á láìfòyà, kí ìyàwó sáà ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọn yóò ní kí ó sọ kí wọ́n tó san àsansílẹ̀.